Ìjánu fún Ìka Méjì

Bí ènìyàn bá ti kúrò ní Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin tó kọrí sí ẹ̀yìn ìlú, ilẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà ni yóò dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, níbi tí afárá kékeré kan wà. Láàárọ̀ kùtùkùtù, òórùn ibẹ̀ kì í yàtọ̀: èéfín ọkọ̀ ńláńlá, àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú epo gbígbóná, àti ilẹ̀ pupa tí ìrì ti rin gbingbin. Títí di òní, bí òórùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn bá pàdé nímú mi, èjìká ọ̀tún mi á ti le kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ ti ṣẹ̀.

O mọ ọwọ́ ọ̀tún mi. Ó ti pẹ́ tí o ti ń bọ̀ mí lọ́wọ́ láì béèrè ohun tó ṣe é. Iná ló jó o nígbà tí mo wà ní kékeré. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ló ṣẹ́kù tó ń gbọ́ràn; àwọn mẹ́ta yòókù ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọn kò sì dìde mọ́ láti ìgbà náà. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ́ ìwé kíkọ. Nígbà tí mo fẹ́ gba iṣẹ́ tíṣà, ọ̀gá kan wo ọwọ́ mi títí, ó wá bi mí bí n ó ṣe máa kọ nǹkan sójú pátákó. Mo dìde, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo sì fi òsì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sójú pátákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn, ìwọ náà mọ̀: bí wọ́n bá ti ní nǹkan kò ṣeé ṣe, etí mi á kọ́kọ́ gbóná ná.

Ìgbà ìjọba ológun ni mo ń sọ yìí, nígbà tí epo bẹntiróòlù di ohun àwátì. Ọkọ̀ á tò sílé epo láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀, ìwọ̀nba èyí tó bá sì wà lójú pópó, ìjà ni a fi ń wọ̀ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé mi lọ wà ní abúlé kan lódìkejì afárá yẹn. Mo máa ń pẹ́ dé ibẹ̀, ọ̀gá àgbà sì ti kìlọ̀ fún mi níṣojú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́. Ohun tó jẹ́ kí n ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ kan nìyẹn, irú èyí tí táyà rẹ̀ nípọn, tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún jáde, mo wọ sòkòtò sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, àwọn alákàrà sì dìde dúró láti wò mí. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, “Tíṣà, ṣé kẹ̀kẹ́ yìí lẹ máa gbé relé ọkọ ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo kọjá. Àléébù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bírékì iwájú, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, le púpọ̀. Wáyà ló ń fà á, wáyà náà sì ń fẹ́ ìka mẹ́rin tó lágbára kó tó dáhùn. Ìka kan ṣoṣo ni mo ní tí mo lè nà sí i. Nítorí náà mo pa á tì, mo gbójú lé ti ẹ̀yìn, èyí tí ọwọ́ òsì ń fà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ṣubú, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo ti dé àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà nígbà tí agbo màlúù kan yọ láti inú igbó, tí wọ́n ń sọdá títì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ni ìlú. Mo fa ti òsì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò dúró. Ó ń yọ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ lọ sísàlẹ̀. Mo ju ìka mi lé ti ọ̀tún, mo fi gbogbo agbára mi fà á, àfi bí ẹni ń fi òwú fa igi ìrókò. Inú gọ́tà ni mo ti bá ara mi. Àgbọ̀n mi ń ṣẹ̀jẹ̀, ìwé àwọn ọmọ fọ́n ká sínú ẹrẹ̀. Àwọn tó sáré wá gbé mi ṣàánú mi gan-an, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí obìnrin kan sọ lórí mi, bí ẹni pé etí mi náà ti jóná mọ́ ọwọ́ mi: “Ọwọ́ kan ló ní. Ta ló rán an níṣẹ́ kẹ̀kẹ́?”

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Ará Ọ̀mù-Àrán ni, alàgbà ìjọ, ẹni tó jẹ́ pé bí àṣẹ ni ìfẹ́ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò pariwo lọ́jọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ egbò mi tó fi oògùn sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé kẹ̀kẹ́ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí àgbàlá, ó fi ẹ̀wọ̀n irin so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ irin fèrèsé, ó fi àgádágodo tì í, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

“Ó parí,” ni ó wí. “Kẹ̀kẹ́ yìí ò ní jáde mọ́. Mo ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀ wá mú ẹ lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Wàá máa bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Bàbá, mo níṣẹ́ lọ́wọ́.”

“Ọwọ́ wo?”

Ìyá mi, tó ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo ní ọjà Ipata, gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ wọlé láì tọ́ ọ wò. Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn láti ẹnu Bàbá, mo sì ti dárí rẹ̀ jì í tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìdáríjì lọ́tọ̀, ìgbọràn lọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí Táíwò Road láti ra ìwé mìíràn dípò àwọn tó bàjẹ́ sínú ẹrẹ̀. Níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹrù tòkunbọ̀, láàárín fíríìjì àti fáànù àtijọ́, mo rí kẹ̀kẹ́ kan tí ọkọ̀ ti tẹ̀. Ara rẹ̀ ti wọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ṣì pé. Lára ẹsẹ̀ iwájú náà ni àwo irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n lu ihò yí ká, irú èyí tó máa ń wà lára máṣíìnì alùpùpù ńlá. Irin kékeré kan há a mọ́ra lápá méjèèjì bí ọwọ́ alákàn. Kò sí wáyà níbẹ̀ rárá. Rọ́bà dúdú tín-ín-rín kan ló ti ara irin yẹn gòkè lọ bá ọwọ́ bírékì. Mo gbé iwájú kẹ̀kẹ́ náà sókè, mo fi òsì yí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wá fi ìka ìfábẹ̀lá mi, òun nìkan, tẹ ọwọ́ bírékì yẹn. Ó kọ́kọ́ rọ̀, ó wá le díẹ̀, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì rọra dúró. Mo tún un ṣe. Ó tún dúró. Omi lé sójú mi láàárín ọjà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

“Epo ló ń tì í, àǹtí, kì í ṣe agbára ọwọ́,” ni ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ wí. “Epo inú rẹ̀ ti dín kù ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí ẹni tí á bá yín tò ó nílùú yìí.”

“Èmi ni n ó tò ó,” ni mo wí. Ẹnu mi ló yá ju ọpọlọ mi lọ.

Iwájú kẹ̀kẹ́ náà nìkan ni mo rà: fọ́ọ̀kì tó di ẹsẹ̀ mú, ẹsẹ̀ náà, bírékì àti rọ́bà rẹ̀. Mo gbé e kọ́ èjìká òsì, mo rìn la ìgboro kọjá. Bàbá rí mi bí mo ṣe ń wọlé. Ó wo ohun tí mo gbé, ó wo ojú mi, ó sì padà sẹ́nu ìwé ìròyìn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, iwájú wà lómìnira. Bàbá sọ pé kò gbọdọ̀ jáde. Kò sọ pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Orí àga rẹ̀ ló wà, kò jìnnà sí mi, gbogbo bí mo ṣe ń tú nọ́ọ̀tì ló ń gbọ́. Ọwọ́ òsì ni mo fi di sípánà mú, orókún àti ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń di irin mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo fa fọ́ọ̀kì àtijọ́ yọ, àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tó wà lọ́rùn kẹ̀kẹ́ dà sílẹ̀, wọ́n ń yí káàkiri. Ọ̀kan yí lọ títí tó fi dúró lábẹ́ sálúbàtà Bàbá. Ó wò ó. Èmi náà wò ó. Kò gbé ẹsẹ̀, kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo rá dé ibẹ̀, mo fi ìka méjì mi yọ ọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi.

Fọ́ọ̀kì tuntun náà wọ ọrùn kẹ̀kẹ́ bí ẹni pé wọ́n jọ bí wọn. Mo fi gírísì lé àwọn bọ́ọ̀lù padà, mo dì í, mo sì so ọwọ́ bírékì mọ́ apá ọ̀tún. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lára rẹ̀ tí a fi ń fà á súnmọ́ni. Mo yí i títí ìka mi fi bá a láì nà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tò ó, oríkèé rọ́bà ti tú díẹ̀, ìwọ̀nba epo tó kù nínú rẹ̀ sì ti ṣàn jáde. Mẹkáníìkì máṣíìnì tó wà ládùúgbò wa ní kí n da epo ẹ́ńjìnnì sí i, pé epo lepo ń jẹ́. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí agolo kékeré tí epo ń gbé lára ọwọ́ bírékì: epo bírékì nìkan ni wọ́n fàyè gbà. N kò bá a jiyàn. Mo yá ayùn irin lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí mo ti ń ronú síwájú, mo sì lọ ra epo bírékì níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, mo tún ra rọ́bà funfun tín-ín-rín ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì. Epo yẹn mọ́ bí omi oyin. Ẹ̀kán rẹ̀ kan kán sórí tábìlì Bàbá, kí n sì tó rí àkísà, ọ̀dà ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí awọ ejò. Bàbá mí kanlẹ̀.

Mo da epo kún agolo kékeré náà, mo tẹ ọwọ́ bírékì. Ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó lọ títí ó fi kan irin tí mo dì mú, kò sì mú nǹkan kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún lọ. Mo ronú lé e lórí títí oòrùn fi kúrò lára ògiri: afẹ́fẹ́ ló wà nínú rọ́bà yẹn, afẹ́fẹ́ ni mo ń tì, n kò tíì ti epo. Àfi kí n lé e jáde láti ìsàlẹ̀, níbi nọ́ọ̀tì kékeré kan tó ní ihò nínú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ tẹ ọwọ́ bírékì kó sì dì í mú, kí ẹlòmíràn máa tú nọ́ọ̀tì náà kó sì máa dì í. Ìyá mi ti lọ sọ́jà. Bàbá wà níbẹ̀. N kò pè é, kò sì bi mí.

Ìyá onílé wa ló gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé ni, ìyàwó àáfàá, ẹlẹ́hàá tó jẹ́ pé inú àgbàlá yẹn ni ayé rẹ̀ wà, tó sì ń ṣàkóso rẹ̀ bí ọba. Ó fa ìbòjú sílẹ̀ nítorí Bàbá, ó jáde wá.

“Tíṣà, kí lò ń fún láti àárọ̀ bí ẹni ń fún wàrà?”

“Bírékì ni, ìyá. Afẹ́fẹ́ ló kó sínú epo rẹ̀. Mo ń fẹ́ ẹni tí á máa bá mi tẹ̀ ẹ́.”

“Ìjánu ni o pè ní bírékì yẹn?” Ó ti ń jókòó sórí àpótí. “Ilé àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ni wọ́n bí mi sí. Bísímílà. Fi hàn mí.”

Mo ki rọ́bà funfun bọ ẹnu nọ́ọ̀tì, mo ti ìdí rẹ̀ bọ inú ìgò tí mo da epo díẹ̀ sí. “Ẹ tẹ̀ ẹ́, ìyá. Ẹ dì í mú. Ẹ má tíì fi í sílẹ̀ o.” Mo tú nọ́ọ̀tì, ìfófòó funfun sáré gba inú rọ́bà lọ sínú ìgò. Mo dì í padà. “Ó yá, ẹ fi í sílẹ̀.” A tún un ṣe, a tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ló fi í sílẹ̀ kí n tó dì í, tí rọ́bà fa afẹ́fẹ́ padà, tí gbogbo làálàá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ wọmi. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Má bínú, súúrù ni làákàyè,” a sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti mọ̀ ọ́n nínú ara. Láàárín iṣẹ́ yẹn ló gbóhùn sókè díẹ̀, kò sì wo ẹ̀yìn.

“Bàbá Tíṣà, nílé bàbá mi, ẹṣin tí kò ní ìjánu ni wọ́n máa ń so mọ́lẹ̀. Èyí tó bá ti ní, wọ́n á tú u.”

Bàbá ṣí ojú ewé ìwé ìròyìn.

Ó dé ìgbà kan tí epo nìkan ń jáde, tí ìfófòó tán pátápátá. Mo dì í pinpin, mo fi sípíríìtì nu àwo irin náà mọ́, nítorí bí epo bá kàn án kò ní mú mọ́. Mo yí ẹsẹ̀ iwájú títí ó fi ń kùn bí oyin, mo wá fi ìka kan tẹ ọwọ́ bírékì. Gbà! Ó dúró. Àní ìka kan, ìyẹn èyí tí gbogbo ayé ti ń ṣàánú. Ìyá onílé ní, “Máṣà Àlláà!” ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi léjìká débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú irinṣẹ́.

Mo fọ ọwọ́ mi. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́.”

“Mi ò fún ẹ.”

“Ẹ ṣé, sà.”

Mo dìde, mo mú ayùn irin, mo jókòó ti ẹ̀wọ̀n yẹn. Ìwọ kò tíì gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Irin ń ké, eyín ń ro mí, àwọn ará ilé yọjú látojú fèrèsé gbogbo. Òsì ni mo fi ń gé e. Nígbà tí òsì rẹ̀ mí, mo há ayùn sáàárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ọ̀tún, mo fi ara ti í. Bàbá lè dìde kó gba ayùn lọ́wọ́ mi, agbára rẹ̀ ká a. Mo retí rẹ̀, mo sì ti pinnu pé bó bá gbà á n ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, n ó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Kò dìde. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n já tó balẹ̀, òun ló sọ̀rọ̀.

“Bí o bá tún ṣubú, mi ò ní wá gbé ẹ.”

“Mo gbọ́, sà,” ni mo wí, mo sì gbé kẹ̀kẹ́ jáde.

N kò ní parọ́ fún ọ: nígbà tí mo dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí. Mo dúró síbẹ̀ tí mo ń díbọ́n pé bàtà mi ni mò ń so. Mo wá jẹ́ kí ó máa lọ. Afẹ́fẹ́ kún aṣọ mi, ilẹ̀ pupa ń sáré lọ́tùn-ún lósì, ìró táyà ń ga sí i. N kò fọwọ́ kan bírékì títí mo fi dé ibi tí mo ti ṣubú. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe fẹ́ ẹ, ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke tí ó kó igi ìdáná sí yọ sójú ọ̀nà láti ẹ̀gbẹ́ afárá, kò tilẹ̀ wo òkè. Mo rọra tẹ òsì, mo rọra tẹ ọ̀tún pẹ̀lú ìka kan yẹn. Orí kẹ̀kẹ́ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì dúró, gbọnin, ọ̀nà jíjìn sí ọmọlanke. Ọkùnrin náà kí mi pé ẹ kú ìrìn, ó kọjá lọ. Kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo ti kẹ̀kẹ́ gòkè padà, mo tún sọ̀ kalẹ̀. Mo tún gòkè, mo tún sọ̀ kalẹ̀, títí àwọn alákàrà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé orí tíṣà ti dàrú.

Ìgbà tí mo gòkè gbẹ̀yìn ni mo rí Bàbá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń din àkàrà, sálúbàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìwé ìròyìn ṣì wà lábíyá. N kò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀. Nígbà tí ojú wa pàdé, ó yíjú padà, ó sì ń lọ sílé níwájú mi, kíákíá, bí ẹni tí nǹkan ń dúró dè. Mo rọra ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kàn án nílé, títí Bàbá fi kú kò mẹ́nu kàn án.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti Ọ̀mù-Àrán pẹ̀lú ọkọ̀ tó fi ìjà wọ̀. N kò sí nílé. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n Bàbá náà jókòó, ó mu omi, ó sì béèrè pé ọmọ tí òun wá mú dà. Bàbá ní, “Ó ti lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣé kì í ṣe Bàbá fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí òun ni. Bàbá kàn tún un sọ, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́: “Mo ní ó ti lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.” Ìyá mi ń sọ ọ́ ni, ó ń fi ìdí aṣọ nu ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo gun kẹ̀kẹ́ yẹn lọ kọ́ àwọn ọmọ abúlé náà títí wọ́n fi gbé mi kúrò níbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì ń pààrọ̀ epo rẹ̀. Àwọn tó bá gbọ́ ìtàn yìí máa ń ní Ọlọ́run ló fún ọwọ́ mi lágbára. Mo máa ń ṣe àmín, nítorí àdúrà kì í pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò lágbára ju bó ṣe wà lọ. Wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì ká. Láti kékeré ni àwọn tó fẹ́ràn mi ti ń kọ́ mi pé kí n máa bẹ ayé nítorí ọwọ́ yìí, kí n jókòó síbi tí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo jáwọ́ nínú ẹ̀bẹ̀. Ó yé mi pé ènìyàn bíi tèmi ló ṣe gbogbo nǹkan tó le jù fún mi, pé ìwọ̀n ọwọ́ tirẹ̀ ló fi ṣe é, àti pé ohun tí wọ́n bá fi nọ́ọ̀tì dì, ènìyàn lè tú u kó sì tún un tò. Bírékì oníwáyà àkọ́kọ́ yẹn ni wọn kò ṣe fún ọwọ́ mi. Mo sì pààrọ̀ rẹ̀.